Bọ̀dá Mi Kọ́ Ló Ba Ọkọ̀ Kàmọ́rù Jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, bọ̀dá mi ò ṣe nǹkan kan. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, nítorí mo mọ ara mi, ẹ̀rù lè bà mí kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tó jóná lójú ọ̀nà Òṣogbo, tó pa Kàmọ́rù ọmọ Ìfọ́n, èmi ni mo fà á. Ẹlòmíràn ló ń ru ẹ̀bi rẹ̀ títí dòní.

Ó ti pẹ́ tí mo ti dákẹ́. Ara ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ báyìí ni pé ó dé ibì kan tí bọ̀dá mi fúnra rẹ̀ gbà pé òun ló ṣe é. Ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ wá ń rántí ohun tí kò ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ tò bí àwọn tó máa ń kọ̀wé. Mo ti yí orúkọ gbogbo wa padà, ṣùgbọ́n ìlú wa ò tóbi. Ẹni tó bá mọ̀ wá á mọ̀ pé àwa ni.

Ìlobù ni wọ́n bí wa sí, èmi àti bọ̀dá mi, Bùràímọ̀. Bàbá wa wà lára àwọn ọmọ tí àwọn òbí wọn kó ti Gánà dé nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ará wa máa lọ sílé. Bàbá Kùmásí ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Páàtì ọkọ̀ ni wọ́n ń tà, inú ṣọ́ọ̀bù wọn la sì dàgbà sí. Bùràímọ̀ lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Èmi lọ sí Ìbàdàn, mo kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀, iṣẹ́ kí ènìyàn máa fi láptọ́ọ̀pù tún ọpọlọ ọkọ̀ tò. Nígbà tí mo padà dé, a jọ ṣí ọgbà ìtọ́kọ̀ṣe kan sí ẹ̀bá títì. Sípánà ni tirẹ̀, láptọ́ọ̀pù ni tèmi. Ẹ má bínú pé mò ń sọ pé "ó" fún ẹ̀gbọ́n mi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá ń sọ pé "wọ́n" ní gbogbo ìgbà, ẹ ò ní mọ ẹni tí mò ń sọ.

Àwọn ènìyàn ò kọ́kọ́ kà mí sí, nítorí pé obìnrin ni mí. Wọ́n á wa ọkọ̀ dé, wọ́n á ní kí n lọ pe ọ̀gá wá. Bí Bùràímọ̀ bá sọ pé, "Ọ̀gá lẹ ń wò yẹn," wọ́n á rẹ́rìn-ín. Mi ò fi ìyẹn ṣe àwáwí o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà nínú mi nígbà náà ni. Orúkọ ń wù mí. Ó ń wù mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Kàmọ́rù àti bọ̀dá mi ti jẹ́ ọ̀rẹ́ láti ilé ìwé girama. Ẹ̀yin tí ẹ mọ agbègbè wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti ń bẹ láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n tipẹ́tipẹ́, àti pé ìgbà kan wà tí ọmọ ìhín kì í fẹ́ dá kọjá sí ọ̀hún. Àwọn méjèèjì ò gba tiwọn. Bí nǹkan bá ti fẹ́ gbóná, Ìyá Kàmọ́rù á pe bọ̀dá mi lórí fóònù, wọ́n á ní, "Bùràímọ̀, má wá lónìí o. Mo ti bu oúnjẹ tìẹ pamọ́." Tí ara ìlú bá ti balẹ̀, á lọ jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Òṣogbo ni Kàmọ́rù ti ń ta fóònù. Ọwọ́ rẹ̀ mókè, ó sì ra ọkọ̀ eré kan, ọkọ̀ pupa tó kúrú bí ẹni pé kò ga ju orúnkún lọ, tí sáìléńsà rẹ̀ ń bú bí ẹranko. Tọ́bò wà nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀ látilẹ̀. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, tọ́bò ló máa ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnì bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, kí iná inú rẹ̀ lè le. Kàmọ́rù ní tòun ti kéré jù. Ó ra ńlá kan ní tòkunbọ̀, ó gbé e wá bá wa.

"Sìkírá," ó ní, "ẹ̀gbọ́n ẹ á de irin yìí. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa kọ́ ọkọ̀ yìí ní eré."

Àwọn oníbàárà mìíràn wà níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ. Mi ò lè ṣàlàyé bí inú mi ṣe dùn tó.

Bùràímọ̀ de tọ́bò náà. Mo wà níbẹ̀. Nígbà tó kan páìpù kékeré tó ń gbé òróró lọ sínú tọ́bò, ó de nọ́ọ̀tì rẹ̀ le, ó ní kí n ṣáná sí ọkọ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ páìpù náà bóyá nǹkan ń kán. Nǹkan kan ò kán. Ó fi àkísà nù ún, ó tún na ọwọ́ wò ó. Ìṣojú mi ló ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Wàhálà kan ló kù. Bí atẹ́gùn bá pọ̀, epo gbọ́dọ̀ pọ̀ tẹ̀lé e. Bí atẹ́gùn bá ju epo lọ, iná inú ẹ́ńjìnì á gbóná kọjá ààlà, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Pọ́ǹpù epo tó wà lára ọkọ̀ náà ò lè bọ́ tọ́bò ńlá. A ti ránṣẹ́ ra òmíràn ní Èkó, kò tíì dé. Bọ̀dá mi sọ fún mi pé, "Sìkírá, má gbé atẹ́gùn yẹn sókè títí pọ́ǹpù á fi dé. Jẹ́ kó máa rọra lọ bẹ́ẹ̀." Mo ní mo ti gbọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Kàmọ́rù wọlé. Àwọn tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fẹ́ pàdé ní Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì. Bùràímọ̀ ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Kàmọ́rù wa ọkọ̀ náà lọ, ó wà á bọ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

"Sìkírá, nítorí Ọlọ́run, má jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́la. Gbogbo wọn ni n ó sọ fún pé obìnrin Ìlobù kan ló ṣe é."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló gbé mi lọ. Mo ṣí láptọ́ọ̀pù. Mo gbé atẹ́gùn sókè.

A jọ lọ dán an wò. Nígbà tó tẹ iná mọ́ ọn, ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ àga. Kàmọ́rù ń ké "Alláhù Akúbárù!" bí ọmọdé tí wọ́n gbé sókè. Níbi tí eré náà ti le jù, mo gbọ́ ohùn kan nínú ẹ́ńjìnì. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo, tó wá ń mì í. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ mi mọ ohun tí ohùn yẹn ń sọ. Ó ń sọ pé irin ń jìyà, kí ẹ dáwọ́ dúró. Mo gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe rò pé mi ò gbọ́.

Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé ó ti pé?"

Mo wo bí inú rẹ̀ ṣe dùn. Mo ní, "Ó ti pé." Mo sọ fún ara mi pé tó bá ti Ìbàdàn dé, n ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Bùràímọ̀ ti padà dé kí a tó wọ ọgbà. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wo tèmi. Ó ní, "Sìkírá, ṣé o ò fọwọ́ kan atẹ́gùn yẹn?"

Mo ní, "Mi ò fọwọ́ kàn án, Bọ̀dá."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Kàmọ́rù gbéra ní Ìfọ́n. Kò tíì dé Òṣogbo. Àwọn tó ń roko lẹ́bàá ọ̀nà ní àwọn gbọ́ ohun tó dún bí ìbọn, èéfín sì bo ọkọ̀ náà. Ẹ́ńjìnì ti fọ́, òróró ti tú sórí tọ́bò tó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, iná sì sọ. Ọkọ̀ yà kúrò lójú títì, ó kọlu etí afárá kékeré kan. Ilẹ̀kùn há. Àwọn àgbẹ̀ yẹn ṣe bẹbẹ. Wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ pa iná, wọ́n fi ọkọ́ já ilẹ̀kùn, wọ́n gbé e jáde láàyè. Bùràímọ̀ ló tẹ̀lé e dé ilé ìwòsàn. Ó ní ẹsẹ̀ Kàmọ́rù lòun dì mú, nítorí kò sí ibòmíràn tí òun lè fọwọ́ kàn tí kò ní dùn ún. Ìrun Alásárì ò tíì tó tó fi kú.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló burú jù.

Wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ tó jóná náà wá sí ọgbà wa. Wọ́n ní ọ̀gá mẹkáníìkì àgbà kan máa ti Òṣogbo wá, á yẹ̀ ẹ́ wò, á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n fẹ́ sin Kàmọ́rù, gbogbo ilé wa lọ sí Ìfọ́n. Mo ní ara mi ò yá. Bàbá ní kí n dùbúlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kírun sí Kàmọ́rù lára, inú ọkọ̀ rẹ̀ ni mo wà. Iwájú ọkọ̀ ti jóná tán, ṣùgbọ́n abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ni ọpọlọ ọkọ̀ náà wà, iná ò dé ibẹ̀. Mo gbé bátìrì mìíràn wá, mo so wáyà mọ́ ọn. Mo pa ètò tí mo ṣe rẹ́. Mo dá èyí tó bá ọkọ̀ náà wá láti ilé iṣẹ́ padà sínú rẹ̀. Òórùn ara rẹ̀ ṣì wà nínú ọkọ̀ náà. Bàtà rẹ̀ kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ṣiṣẹ́ náà parí.

Ọ̀gá Òṣogbo dé. Ó fi ẹ̀rọ tirẹ̀ wo ọpọlọ ọkọ̀, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ó wá wo ibi tọ́bò. Ìkọlù yẹn àti iná ti tú nọ́ọ̀tì páìpù òróró, ó ń mì lọ́wọ́. Ó ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ó ní nọ́ọ̀tì náà ò le tẹ́lẹ̀, òróró ló dà tán, ẹ́ńjìnì sì gbẹ títí ó fi fọ́. Ó ní, "Ọwọ́ ẹni tó de tọ́bò ni."

Bùràímọ̀ yíjú sí mi níwájú gbogbo wọn. "Sìkírá, ìwọ lo mọ ọpọlọ rẹ̀. Ṣé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ lóòótọ́?"

Mo ní, "Kò sí, Bọ̀dá."

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lábẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní ọmọ Ìlobù ló mọ̀ọ́mọ̀ tú nọ́ọ̀tì ọkọ̀ ọmọ Ìfọ́n. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ẹ̀rù ba Bàbá. Ìyá Kàmọ́rù ni wọ́n paná ọ̀rọ̀ náà. Tòun ti aṣọ opó lọ́rùn, nítorí ọkọ wọn náà ò tíì pẹ́ tó kú, wọ́n wá jókòó sí iwájú ilé wa ní Ìlobù kí gbogbo ayé lè rí wọn. Wọ́n ní, "Ẹ má fi òkú ọmọ mi dá ìjà sílẹ̀. Bùràímọ̀ ti jẹun nínú àwo mi. Àṣìṣe ni. Mo ti dárí jì í."

Bùràímọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yẹ̀pẹ̀, ó ń sunkún. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé omi wá fún wọn, mo kúnlẹ̀, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n súre fún mi.

Bàbá ò dárí jì í ní tiwọn. Wọ́n ní orúkọ tí àwọn ti ń fi páàtì gidi kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ọwọ́ yọ̀bọ́kẹ́ ti bà á jẹ́. Wọ́n ní kó lọ bá àwọn ẹbí wa tó kù ní Kùmásí. Ó lọ. Ó kó gbogbo sípánà rẹ̀ fún mi. Láti ìgbà náà, kò fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́. Ẹrù iṣu ló ń rù lọ́jà níbẹ̀. Bó bá pe ilé, Bàbá á ní kí n sọ fún un pé àwọn ń sùn. Mo máa ń sọ fún un bẹ́ẹ̀.

Èmi ńkọ́? Mo gbilẹ̀. Mi ò tún gbé atẹ́gùn ọkọ̀ kankan sókè mọ́, bí àwọn ọmọkùnrin bá sì bẹ̀ mí, mo máa ń kọ̀. Àwọn ènìyàn wá ń sọ pé obìnrin yìí mà fara balẹ̀ o, pé ká ní bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, ọmọ ọlọ́mọ ì bá má kú. Wọ́n ń sọ ọ́ lójú mi.

Lọ́dún tó kọjá, Bàbá kú. Bùràímọ̀ wá sílé fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ó ti gbẹ, irun rẹ̀ ti ń funfun. Lẹ́yìn tí àwọn ààfáà lọ, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Sìkírá, mo ti wá rántí. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnì kan pè mí nígbà tí mò ń de nọ́ọ̀tì yẹn. Mo gbé sípánà sílẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, mi ò tún rántí dè é le."

Ẹ gbọ́, ẹnikẹ́ni ò pè é. Mo wà níbẹ̀. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ẹ̀bi náà títí ó fi rí i.

Àyè nìyẹn. A wà ní àwa nìkan. Ẹnu mi là. Ohun tó sì jáde ni pé, "Ọlọ́run ti dárí jì yín, Bọ̀dá." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dì mọ́ mi, ó dúpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Ìyá Kàmọ́rù wá sí ọgbà mi. Àwọn ọmọ wọn tó kù ti gba ìwé Mẹ́kà fún wọn. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, ẹni tó bá fẹ́ lọ Hájì a máa lọ tọrọ àforíjì káàkiri. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọ́n fi ọ̀pá wọlé. Mo sáré kúnlẹ̀.

"Sìkírá, bí mo bá ṣẹ̀ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ tàbí nínú ìṣe, forí jì mí kí n tó lọ."

Mo ní, "Màmá, ẹ ò ṣẹ̀ mí."

Wọ́n ní, "Tí mo bá dé ibẹ̀, Bùràímọ̀ ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ. N ó bẹ Ọlọ́run kó má fi ikú Kàmọ́rù bi í léèrè lọ́jọ́ ìkẹyìn."

Mi ò mọ bí mo ṣe sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe kúrò, mo ti ọgbà, mo pe Kùmásí. Mo sọ ohun gbogbo fún bọ̀dá mi. Atẹ́gùn, ohùn tí mo gbọ́, irọ́ tí mo pa fún un, ohun tí mo ṣe nínú ọkọ̀ náà nígbà tí wọ́n ń sin ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo ń sọ ọ́, mo ń sunkún. Ariwo ọjà nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó ní, "Nọ́ọ̀tì yẹn ńkọ́? Ṣé mo dè é?"

"Ẹ dè é, Bọ̀dá. Ẹ dè é le."

Mo rò pé ó máa bú mi. Mo fẹ́ kó bú mi. Ohun tó sọ ni pé, "Bàbá kú láì bá mi sọ̀rọ̀." Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Ó sì pa fóònù. Láti ọjọ́ náà, mo pè, mo pè, kò gbé e.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ará, èyí tó kù ló mú mi wá síwájú yín. Ìyá Kàmọ́rù ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí mo bá sọ fún wọn kí wọ́n tó gbéra, ó lè pa wọ́n, ó sì lè tú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ẹnu ara wọn pa rẹ́ láàárín ìlú méjèèjì síta. Bí mi ò bá sọ ọ́, wọ́n á dé ilé Ọlọ́run, wọ́n á máa bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí kò ṣẹ̀, èmi tí mo ṣẹ̀ á sì wà nílé, n ó máa ṣe àmín. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà wọn ní Ìfọ́n lẹ́ẹ̀kan. Mo gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú ilé, mo yí padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé aláàánú ni Ọlọ́run. Mo mọ̀. Ẹ má sì sọ pé kí n fi sílẹ̀ fún àkókò. Àkókò ti jẹ bàbá mi, ó ti jẹ bọ̀dá mi. Ìyá Kàmọ́rù ò ní pẹ́ gbéra mọ́. Bí mo bá tún dé Ìfọ́n, tí Ìyá Kàmọ́rù sì ní kí n wọlé, kí n jókòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a: ọ̀rọ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ sọ?